Ilé Orí Igi Àgbálùmọ̀

Àṣàkẹ́ Òpó, ọmọ Òpómúléró, Mọjà Àlékàn, ọmọ òpó tó gbélé dúró tí ilé ò fi wó lu onílé. Rúùtù ní ilé ìjọsìn, Ìyá Fọlákẹ́ lẹ́nu àwọn ará Moniya, Ìyá Àgbà lẹ́nu àwọn ọmọ ọmọ. Wọ́n tún sọ ọ́ lórúkọ kan nígbà tí a wà ní kékeré. N kò ní fi ìyẹn sáàárín oríkì rẹ̀. Ẹ óò gbọ́ ọ tó bá yá.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ránṣẹ́ sí mi ní Akínyẹlé pé ó ti sùn, ìdí mi kò gbé orí àga mọ́. Mo dé ilé rẹ̀ ní Ìrókò, wọ́n gbé ìjókòó fún mi, mo jókòó, mo dìde. Wọ́n bu omi fún mi, mo gbé e kalẹ̀ láìmu. Níbi tí mo ti ń rìn káàkiri àgbàlá ni mo ti gbọ́ ìró òòlù lẹ́yìn ilé: gbà, gbà, gbà. Ẹnì kan ń kan ìṣó mọ́ igi.

Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ni, lórí igi máńgòrò. Wọ́n ní pákó, wọ́n ní páànù àlòkù àti okùn ọ̀rá, wọ́n sì ta àpò sìmẹ́ńtì bí aṣọ fèrèsé. Ìyá kan nínú àwọn tó wá kí ilé sáré jáde.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin aláìgbọràn yìí! Òkú ìyá yín ò tíì wọlẹ̀, ẹ ń ṣeré!"

"Eré kọ́, mà." Tóbi, èyí tó dàgbà jù nínú wọn, ló dáhùn. "Ìyá Àgbà ni wọ́n ní ká parí ẹ̀ kójò tó dé."

"Ìyá Àgbà wo? Ìgbà wo?"

"Lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n gbé àga síbí, wọ́n ń fi ọ̀pá júwe fún wa. Wọ́n ní tá a bá so okùn tán, ká fà á wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta kẹ́nikẹ́ni tó gùn ún."

Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín. "Àṣé àgbà náà ṣì ń ṣọmọdé!" Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ okùn yẹn ló lé mi kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ óò ka èyí, ìwé kẹta ni mo kà mọ, ẹ fojú fo àṣìṣe mi. Oko àwọn bàbá wa wà láàárín Ìrókò àti Akínyẹlé, níbi tí ilé búlọ́ọ̀kù ti gbà tán báyìí. Nígbà tí àgbàdo òjò kejì bá ti ń gbó, àwa ọmọdé ni à ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀gà a máa wá lówùúrọ̀, ọ̀bọ a máa wá nírọ̀lẹ́. Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣọ́ tiwa: Àṣàkẹ́, èmi, àti Làmídì ọmọ Bàbá Aláṣọ, tí òun náà ti lọ ṣáájú. Ahéré kan wà nílẹ̀ tí wọ́n ní ká máa jókòó sí. Àṣàkẹ́ wò ó, ó yínmú.

"Òkè lolè ń gbà wọlé, ẹ̀yin ń ṣọ́lẹ̀."

Bí ọ̀rọ̀ ilé orí igi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn; a kò jẹ́ kí àwọn àgbà mọ̀. Igi àgbálùmọ̀ kan wà ní ìpẹ̀kun oko, ó yapa sí mẹ́ta bí ọwọ́ tó fẹ́ gba nǹkan. A la ọparun, a tẹ́ ẹ bí àjà ilé ìdáná, a fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ògiri, a fi koríko bẹẹrẹ bò ó lórí. Àṣàkẹ́ lu fèrèsé kan síhà Ìrókò, ó ní kí òun lè máa rí èéfín ọbẹ̀ ìyá òun. Òun náà ló kó agolo mílíìkì jọ, tó fi okùn so wọ́n mọ́ra la oko já. Tí ẹ̀gà bá ti bà, a ó fa okùn láti òkè, gbogbo oko á máa pariwo wọngangan. Mo rántí ọ̀bọ kan tó ju àgbàdo sílẹ̀ tó fi ìdí jókòó, bí ẹni tí wọ́n ka ẹ̀sùn sí lọ́rùn. Làmídì sọ fún Àṣàkẹ́ pé obìnrin kì í gun igi. Àṣàkẹ́ ní òun ò gun igi, àkàsọ̀ lòun ń gùn.

Bàbá Àṣàkẹ́ ló ń kọ́ ahéré fún gbogbo àdúgbò, ojú rẹ̀ sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Ó kìlọ̀ fún wa pé a kì í fi ìtàkùn tútù so ilé. À á kọ́kọ́ sá a kó gbẹ, ká tó wá rẹ ẹ́ sómi díẹ̀ kó lè rọ̀ lọ́wọ́. Tútù tí a bá so, bó bá gbẹ tán, á tín-ín-rín, á sì tú. Igun mẹ́rin ni àjà náà ní. Ó so méjì, Làmídì so ọ̀kan, ó ku tèmi. Mo ń kánjú kí n lè kọ́kọ́ sùn síbẹ̀. Mo já ìtàkùn nínú igbó, mo so ó bó ṣe wà.

"Àjàní, ṣó o sá a?"

"Mo sá a."

Ó fún gírígírí lọ́jọ́ náà. Ó fún bẹ́ẹ̀ títí òjò fi lọ. Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí ètè gbogbo wa là, igun tèmi tú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àjà sì dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àṣàkẹ́ nìkan ló wà lórí rẹ̀; ó já lulẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Èmi àti Làmídì gbé e dé ojú ọ̀nà, ibẹ̀ làwọn àgbà ti bá wa.

"Kí lo lọ wá lórí igi?" Bàbá rẹ̀ ló bi í.

Àṣàkẹ́ wò mí. Ó wò mí pẹ́. Mo ń wo ilẹ̀.

"Àgbálùmọ̀ ni mo lọ ká."

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ bí ìyẹn ti tó. Àgbálùmọ̀ kì í ṣe èso tí à ń ká. Nígbà tó bá wù ú ló ń já bọ́, a ó wá ṣà á nílẹ̀. Ẹni tó bá gùn ún lọ ká, wọ̀bìà ni. Bàbá tó ń to eegun ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kúrú ju òsì lọ títí ayé. Akágbálùmọ̀ ni gbogbo ọmọ abúlé sọ ọ́. Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n má bàa fura sí mi. Mo gun igi náà lọ, mo tú ilé wa palẹ̀, mo dà á sódò. N kò mọ̀ títí dòní bóyá èmi ni Àṣàkẹ́ ń bò láṣìírí ni, àbí ilé náà.

Wọ́n ti gé igi náà. Kò sí ẹ̀gà tí à ń lé mọ́, ìtàkùn sì ti di okùn ọ̀rá. Síbẹ̀, ọmọ tó bá rí igi tó yapa, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ wá ibi tí ilé lè gbà dúró, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ kọ́ ọ. Àṣàkẹ́ náà kò jáwọ́, pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn. Èmi ni mi ò gun igi mọ́.

Mo wọlé lọ bá Fọlákẹ́, àkọ́bí rẹ̀. Ó ń ká aṣọ funfun ìyá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jókòó."

"N kò ní jókòó." Orí ìdúró ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀, látorí ìtàkùn dórí irọ́.

Kò gbójú sókè. "Ṣé wọ́n mọ̀ pé ẹ ò sá a?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ ò bi wọ́n rí?"

"Mi ò bi í rí."

Ó tún aṣọ náà tú, ó tún un ká. "Ojú máa ń tì wá nígbà tá a wà lọ́mọdé, tí wọ́n bá ń tiro bọ̀ láti Moniya. A rò pé ọ̀kánjúwà ló fà á." Ó nu ojú. "Ẹ jẹ́ ká sin wọ́n ná, Bàbá. Lẹ́yìn náà, ẹ óò tún un sọ, lójú gbogbo ọmọ."

Mo ní ó dáa.

Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán ní ilé ìjọsìn rẹ̀, ni a sin Àṣàkẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀, ní Ìrókò.