Èkùrọ́ Màmá Ìlárá

Ilẹ̀ kò tí ì mọ́ nígbà tí mo jáde nílé wa ní Ìlaró, ẹ̀rù sì ń bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù olè tàbí ti jàǹbá ọkọ̀. Ẹ̀rù ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́, tí òun fúnra rẹ̀ sì ní èrè nínú èsì tó máa mú bọ̀, ni. Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ kó yé yín dáadáa, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ojo ni mí.

Ẹbí wa ní ilẹ̀ oko kan tó kún fún ọ̀pẹ. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń wa òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì rán èèyàn wá pé òkúta wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ náà, àwọn sì fẹ́ ẹ. Wọ́n ní bí a bá gbà, àwọn yóò mú ọmọ ilé kan tó kàwé síṣẹ́. Ọmọ ilé tó kàwé tí kò sì níṣẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ. Èmi ni. Ìmọ̀ ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, àwọn ará ilé sì máa ń bi mí pé ìtàn ta ni.

Nílé wa, a kì í fi ilẹ̀ ẹbí sílẹ̀ láìjẹ́ pé ọmọ-ilé obìnrin tó dàgbà jù sọ̀rọ̀ sí i. Tiwa ni Màmá Ìlárá, àbúrò bàbá bàbá mi, tó lọ sílé ọkọ ní Ìlárá, ìlú tí ààlà pín sí méjì, ní apá tó bọ́ sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ara rẹ̀ kò gba ìrìn àjò mọ́. Fóònù kò sì tó fún irú ọ̀rọ̀ yìí: ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ jókòó níwájú rẹ̀, kó gbọ́ ọ, kó sì padà wá sọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n Mùfú, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń bá ilé-iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹbí, sìn mí dé gáréèjì.

"Wàsíù, jọ̀ọ́, má sọ̀rọ̀ púpọ̀," ó ní. "Kí i, gbé orógbó kalẹ̀, béèrè, gbọ́ 'mo gbà', máa bọ̀."

"Bó bá bi mí ní ìbéèrè ńkọ́?"

"Rẹ́rìn-ín. Ṣé o mọ̀ ọ́n rín?"

Ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ náírà ni wọ́n gbà dé Ayétòrò, a sì jókòó mẹ́rin sẹ́yìn, níbi tó yẹ èèyàn mẹ́ta. Kí a tó jáde ní Ìlaró, a kọjá níbi tí ọkọ̀ ojú irin máa ń gbà lọ sí Ìdógò. Koríko ló ń gbà á báyìí. Mo fẹ́ sọ fún obìnrin tó jókòó tì mí pé èkùrọ́ àti kòkó ló mú kí wọ́n la ojú irin náà, ṣùgbọ́n ó ti sùn lé mi léjìká, inú mi sì dùn díẹ̀ pé ẹnìkan fọkàn tán mi. Nígbà tí a dé ìhà Ìbèsè, àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì tò síwájú wa. Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó ní kí a bá ara wa sọ̀rọ̀.

Ní Ayétòrò mo jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà ẹgbẹ̀rin náírà. Ojú ọ̀nà láti ibẹ̀ dé Ìmẹ̀kọ dára níbi tó ti dára. Ní Ìmẹ̀kọ mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìlárá. Ọkàn mi kò balẹ̀ nítorí mi ò ní ìwé ìrìnnà.

"Àbúrò, níbo gan-an ni ààlà wà?" mo bi ọlọ́kadà.

"Ẹ̀gbọ́n, a ti kọjá ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí ọ̀nà bá ti dáa lèmi ń gbà."

Àwọn aṣọ́bodè tiwọn, tí wọ́n ń pè ní dúwáánù, jókòó lábẹ́ igi. Mo ti ń fi Faransé dánra wò láti Ayétòrò. Mo ní, "Bọ́ńjúù, mùsíyè," tó túmọ̀ sí ẹ káàárọ̀, sà.

"Káàárọ̀ o," ọ̀kan nínú wọn dáhùn. "Ta lo wá rí?"

Mo dárúkọ Màmá.

"Sọ fún un pé mo ṣì ń retí àdín èkùrọ́ mi."

Ojú tì mí, mi ò sì mọ ìdí. Bóyá torí pé mo ti múra sílẹ̀ de ohun tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ ni.

Mo bá Màmá lórí àpótí, ó gbé òkúta kan lé orí èkejì, ó ń pa èkùrọ́. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Wàsíù ọmọ Ràfíù! Ṣé o ti níṣẹ́?"

"Rárá, mà."

"Ìyàwó ńkọ́?"

"Rárá, mà."

"O ò sì sanra. Kí wá lò ń ṣe nílé láti àárọ̀?"

Mo gbé orógbó kalẹ̀, mo jíṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Màmá ní, "Kí ni wọ́n fẹ́ fi òkúta ṣe?"

Mo rẹ́rìn-ín.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

Níbí ni mo ti ṣe àṣìṣe mi. Ìbéèrè gidi ni, kò sì sẹ́ni tó tí ì bi mí ní ìbéèrè nípa ohun tí mo kà láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ìwé. Dípò kí n dá a lóhùn pé sìmẹ́ǹtì ni, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, láti orí ìdí tí òyìnbó fi wá sí ilẹ̀ wa. Mo ní àwọn òyìnbó ṣe ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń fẹ́ epo kó má bàa dì, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ń fẹ́ ọṣẹ, ọṣẹ náà ń fẹ́ epo àti èkùrọ́ wa. Mo ní nígbà tó yá, rírà kò tó wọn mọ́, wọ́n fẹ́ sọ ibi tó ti ń wá di tiwọn. Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó wá, Faransé gba Àjàṣẹ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wá, wọ́n pàdé ní ilẹ̀ wa, wọ́n sì fa ìlà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wọ Kóńgò nítorí rọ́bà, bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ ẹ̀rọ ṣe gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ahunṣọ ilẹ̀ Íńdíà. Màmá ń pa èkùrọ́ rẹ̀ lọ.

"Kí ni wọ́n fi èkùrọ́ ṣe níbẹ̀?"

"Ọṣẹ, mà. Àti bọ́tà."

"Bọ́tà burẹ́dì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìyá mi ń pa á títí ìka rẹ̀ fi wú, ó ń rù ú lọ bá ọkọ̀ ojú irin. Bọ́tà!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Mo gbé omi fún un. Ó mu ún tán, ó ní, "Òkúta tiyín yìí, ọ̀pẹ tó wà lórí rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n á hú u, mà."

Ó gbé òkúta ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ta ló ni èkùrọ́ ibẹ̀?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ oko ti mọ̀ ọ́n. Epo ni ti ọkùnrin, èkùrọ́ ni ti obìnrin, ọmọ-ilé kì í sì pàdánù tirẹ̀ nítorí ó lọ sílé ọkọ. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó rántí. Òróró inú ike là ń rà nílé.

"Gbọ́ dáadáa," Màmá ní. "Ilẹ̀, ti ẹbí ni, mi ò dá wọn dúró. Èkùrọ́, tèmi ni. Bí wọ́n bá lè wa òkúta wọn kí ọ̀pẹ mi má mì, kí wọ́n wà á."

"Màmá, ìyẹn ò lè ṣeé ṣe."

"Àwọn tó fi èkùrọ́ ṣe bọ́tà? Wọ́n á wá ọgbọ́n dá."

"Wọ́n ní àwọn máa gbà mí síṣẹ́, mà." Ohùn mi kéré. Mo fẹ́ kí ó ṣàánú mi, mo sì tún ń bẹ̀rù pé ó lè ṣàánú mi.

"Jẹun," ó ní, ó sì gbé ẹ̀kọ àti ẹja díndín síwájú mi.

Ọ̀nà kan náà ni mo gbà padà, ṣùgbọ́n mi ò rí nǹkan púpọ̀, torí ọ̀rọ̀ Màmá ni mò ń yẹ̀ wò. Apá àkọ́kọ́ rẹ̀ dára púpọ̀: "Mi ò dá wọn dúró." Kì í ṣe irọ́. Bí mo bá dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, mo níṣẹ́.

Lẹ́yìn ìrun Màǹgàríbà, àwọn àgbà ilé péjọ sí yàrá Bàbá Olórí Ẹbí. "Kí ni Màmá wí?" Bàbá bi mí.

"Ó ní òun ò dá yín dúró."

Ẹ̀gbọ́n Mùfú pàtẹ́wọ́. "Ó parí! Wàsíù, o káre."

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bíi pé mo gbé ẹja díndín náà mì tegungun-tegungun.

"Ó ku èkùrọ́," mo ní.

"Èkùrọ́ wo? O ti sọ ọ́ tán!"

"Mi ò tí ì sọ ọ́ tán, Ẹ̀gbọ́n." Mo sì sọ ìyókù bó ṣe sọ ọ́, títí dé orí bọ́tà, tí kò sí nínú iṣẹ́ tó rán mi.

Bàbá béèrè ìgbà tí ilé yìí ti fi èkùrọ́ ránṣẹ́ sí Màmá gbẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

"Mùfú, lọ sọ fún àwọn olókùúta pé ọ̀pẹ kò gbọdọ̀ mì," ó ní. "Wọ́n á lọ. Ta ni yóò wá máa kó èkùrọ́ náà lọ sí Ìlárá?"

Gbogbo wọn wò mí.

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi nìyí. Mo ti kà á nínú ìwé pé ẹ̀rọ tó ń yí ní ìlú jíjìn lè pín ìdílé kan sí orílẹ̀-èdè méjì. Mi ò kà á níbì kankan pé obìnrin kan lè jókòó ní apá kejì ìlà náà, kí ó ṣì máa béèrè èkùrọ́ rẹ̀ lápá ìhín, kí wọ́n sì fún un. Inú mi bàjẹ́ nítorí iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo bi Bàbá bóyá owó ọkọ̀ wà fún iṣẹ́ tuntun yìí.

Ó ní kí n béèrè lọ́wọ́ Màmá.