Ọ̀rá Dúdú Inú Báàgì Ìyá Mi

Mo rántí ìgbà tí a gbé ìyá mi láti Ifọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Mówè, tí wọ́n fẹ́ yọ kókó inú ilé ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Kí ọkọ̀ tó kan Ìbàfò, ó ti bì lẹ́ẹ̀mejì sínú ọ̀rá dúdú, bó ṣe ń gbóòórùn èèpo ọsàn tó. Ìyá mi kò wọ mọ́tò rí kó má bì. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀.

Nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó oògùn oorun iṣẹ́ abẹ wá bi í pé, "Mummy, ṣé ẹ máa ń bì tẹ́ ẹ bá wọ mọ́tò?" Ó ní ẹni tí mọ́tò bá ń mú bì, oògùn oorun lè mú un bì tó bá jí, ìyẹn sì lè ṣe ojú ọgbẹ́ ní jàǹbá. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n á fi dènà rẹ̀.

Ìyá mi dáhùn pé, "Kì í ṣe ìpín mi. Mi ò kì í bì, lórúkọ Jésù."

Mo fẹ́ ya wèrè. "Mọ́mì, ṣebí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bì lọ́nà ni?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ fẹnu ẹ pe àìsàn lé mi lórí ni?"

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tìyá mi tún wá ju ìdákẹ́ lọ, ńṣe ló ń ṣẹ́ kanlẹ̀. Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Mummy, ẹ má sọ ọ́ mọ́. Ẹ ṣáà jẹ́ n rí ohun tẹ́ ẹ gbé dání wọkọ̀."

Ìyá mi wojú mi, ó wo òkè àjà. Ó wá kó ọ̀rá dúdú tó kù àti èèpo ọsàn sórí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ̀yin lẹ rí i o. Ẹnu mi ò sọ nǹkan kan."

Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ náà. Nígbà tó jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ kejì, kò bì rárá. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ṣé mi ò sọ fún yín?"

Ó jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò dárúkọ abẹ́rẹ́ rárá. Inú bí mi gan-an. Àmọ́ mo rí i tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, mo sì ké halelúyà ju gbogbo wọn lọ.

Títí dòní, tá a bá fẹ́ wọkọ̀, á ká ọ̀rá dúdú sínú báàgì, á ní búrẹ́dì lòun fẹ́ fi kó. Mi ò bá a jiyàn mọ́. Ọ̀rá wà nínú báàgì tèmi náà, bí tirẹ̀ ò bá tó.