Eyín Tó Pa Ìyá Wa

Nínú ilé tiwa, a bẹ̀rù eyín ju ejò lọ. Eyín ló pa ìyá wa. Bí àwọn àgbà ṣe sọ ọ́ fún wa nìyẹn lẹ́yìn tí a sin wọ́n tán, bẹ́ẹ̀ náà la sì ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá bi wá. Mi ò tíì parí ilé ìwé girama nígbà náà. Ohun tí mo rántí ni pé bí ìyá wa bá ń ti ọjà bọ̀, tí wọ́n dé òkè tó wà lẹ́bàá ilé wa, wọ́n á sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n á jókòó sórí òkúta, wọ́n á fi ọwọ́ di àgbọ̀n mú. "Eyín yìí tún ti dé," ni wọ́n máa ń wí. Bí wọ́n bá sinmi díẹ̀, yóò lọ, wọ́n á sì tún gbéra. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n fi gèlè so àgbọ̀n wọn, wọ́n ní ká jẹ́ kí àwọn sùn díẹ̀. Wọn ò jí mọ́.

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó mọ eyín tọ́jú tó èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àwa méjèèjì péré tí wọ́n bí. Orín ata láàárọ̀, búrọ́ọ̀ṣì lálẹ́, omi iyọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Òṣogbo ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, wọ́n sì ń bá mi jà lórí fóònù títí dòní bí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ mi kan jẹ súìtì. Èmi, iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi wá sí Enugu, Enugu ò sì jẹ́ kí n padà.

Ẹran dídín ńkọ́? Awọ adìẹ tó ti dín gbẹ, tó ń ró wàrà lẹ́nu? Ìyẹn ò kan eyín, nítorí náà kò kàn mí. Òkpà gbígbóná, oúnjẹ àwọn Ígbò tó dà bí mọ́ínmọ́ín tí epo mọ́ lára, ni mo máa ń rà láàárọ̀ ní Achara Layout kí n tó wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Mi ò sì sanra rárá. Aṣọ tí mo rán nígbà ìgbéyàwó mi ṣì ń wọ̀ mí, mo sì máa ń wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Uwani kí àwọn ìyá ẹgbẹ́ lè rí i. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, èmi ni mo máa ń sọ fún un pé kó dín iyán kù kí ọkàn rẹ̀ má baà bínú.

Ọdún tí nǹkan oṣù mi dáwọ́ dúró ni eyín dé. Òkè téńté pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì wa wà ní Independence Layout, lífìtì ibẹ̀ sì ti kú tipẹ́. Mo ń gun àtẹ̀gùn lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan ni nǹkan fún àgbọ̀n mi pọ̀ lápá òsì, ó sì dùn mí gan-an. Mo dúró, mo di irin àtẹ̀gùn mú. Òógùn bò mí, mo ní ooru àwa obìnrin tí oṣù ti dá lára wa ni. Nígbà tó yá, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, ibẹ̀ kan náà ló tún ti mú mi.

Ká má parọ́, ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè jẹun. Mo mọ ohun tó dé. Mo sáré lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín kan ní Uwani, àgbà ọkùnrin kan tó máa ń rọra sọ̀rọ̀. Ó yẹ ẹnu mi wò, ó ní eyín mi dára. Mo ní kò yé e, eyín ló pa ìyá mi. Mo yọ ọ́ lẹ́nu títí ó fi bá mi yọ ọ̀kan tó ní àbààwọ́n díẹ̀ lápá òsì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo gun àtẹ̀gùn, ó tún mú mi, níbi tí kò ti sí eyín mọ́.

Mo padà lọ bá ọkùnrin náà pé kó yọ ìyókù. Ó mú irin kékeré, ó fi ń kan eyín mi níkọ̀ọ̀kan.

"Èwo ló ń dùn yín?"

"Kò sí èyí tó ń dùn mí báyìí."

"Ìgbà wo ló máa ń dùn yín?"

"Bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn ni."

Ó yọ ọwọ́ kúrò lẹ́nu mi. "Mádáàmù," ó ní, "eyín ò mọ àtẹ̀gùn." Ó ní òun ò ní yọ nǹkan kan mọ́, kí n wọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, kí n má fẹsẹ̀ rìn. Inú bí mi sí i, àmọ́ mo lọ.

Ní ọsibítù, wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi láyà, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. Nígbà tí èsì jáde, dókítà obìnrin kan tí mo lè bí lọ́mọ jókòó tì mí. Ó ń pè mí ní Mọ́mì. Ó ní ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ mi, èyí tí wọ́n ń pè ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ti pọ̀ kọjá ààlà, ó sì ti ń dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn mi. Ó ní ọkàn ló ń dùn mí, pé ọ̀pọ̀ obìnrin wà tó jẹ́ pé àgbọ̀n tàbí ẹ̀yìn ni ìrora náà máa ń gbà yọ sí wọn.

Mo ní, "Wò mí dáadáa. Ṣé mo sanra ni?"

"Mọ́mì, dígí kọ́ ló ń fi ọ̀rá tí mò ń wí yìí hàn." Ó ní bí oṣù bá ti dá lára obìnrin, ọ̀rá náà máa ń gòkè sí i, ó sì lè jẹ́ àjogúnbá. "Kí ló pa ìyá yín?"

"Eyín ni."

Ó gbójú sókè. "Báwo?"

Mo sọ fún un. Mo sọ ti òkè ẹ̀bá ilé wa, mo sọ ti òkúta tí wọ́n máa ń jókòó lé, mo sọ ti gèlè. Ẹnu mi ló ń sọ ọ́, àmọ́ ìgbà yẹn ni etí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ. Gbogbo orín tí a run láti ìgbà tí wọ́n kú, gbogbo omi iyọ̀ yẹn. Ilẹ̀kùn iwájú la tì pa, ẹ̀yìnkùlé ni olè ń gbà wọlé. Mo sunkún níbẹ̀ lójú ọmọdé, inú sì ń bí mi, n ò kàn mọ ẹni tí mò ń bínú sí ni.

Ó kọ oògùn fún mi tí mo gbọ́dọ̀ máa lò lálaalẹ́, kódà bí ara mi bá yá. Ó ní kí n jáwọ́ nínú dídín, kí n máa bó awọ adìẹ kúrò. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá mo ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, pé kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò láìfi falẹ̀.

Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. N ò tíì dìde lórí bẹ́ǹṣì ìta tí mo fi pe ẹ̀gbọ́n mi. Fóònù dún títí kí wọ́n tó gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi, níbo lẹ wà?"

"Ilé oníṣègùn eyín." Èémí wọn ń já. "N ò fẹ́ sọ fún ẹ kí ẹ̀rù má baà bà ọ́. Eyín yẹn ni. Wọ́n ti bá mi yọ méjì, kò gbọ́. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n tún wá kó lọ. Mo ti gùn ún dé ìdajì, jẹ́ kí n kọ́kọ́ mí ná."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó."

"Orí àtẹ̀gùn?"

"Orí àtẹ̀gùn náà. Ẹ má gun ọ̀kan sí i. Ẹ fún ẹni tó bá ń kọjá ní fóònù yín, kí n sọ fún un kó wá ọkọ̀ tó máa gbé yín lọ sí ọsibítù."

Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, wọ́n á ti bi mí bóyá èmi ni mo bí wọn. Àmọ́ wọ́n gbọ́ ẹ̀rù nínú ohùn mi. "Kí ló dé?" ni wọ́n béèrè.

"Kì í ṣe eyín," mo ní. "Kò fìgbà kankan jẹ́ eyín."

Mo gbọ́ bí aṣọ wọn ṣe ń ha ògiri bí wọ́n ṣe ń jókòó.

"Bí ìyá wa ṣe máa ń jókòó nìyí," ni wọ́n wí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n má tíì dìde títí ọkọ̀ á fi dé.