Verna Láàárín Ẹwà Òkun àti Ayọ̀ Òkun

Ọjọ́ pẹ́ tí Verna Stubblefield fi wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ní ìlú Cocoa, ní Florida, kò sì ṣìnà rí. Ó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ ìyẹn, nítorí ohun tó padà ṣe ní èbúté Cozumel, ní Mẹ́síkò.

Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì, Janelle àti Corinne, ń bára wọn yan odì nítorí ọkọ̀ ojú omi. Janelle ní kò sí ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó dáa fún ìdílé bí Ẹwà Òkun. Corinne ní ẹni tí kò bá tíì wọ Ayọ̀ Òkun, kò tíì gbafẹ́ rí. Bẹ́ẹ̀ bí ìbejì ni ọkọ̀ méjèèjì rí, ilé iṣẹ́ kan náà ló kàn wọ́n. Verna wọ méjèèjì kó lè parí ìjà. Ó jẹ písà wọn. Ó wo ọ̀bọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ máa ń fi táwẹ́ẹ̀lì ṣe sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀bọ kan náà ni.

"Ìyàtọ̀ kankan ò sí," ló sọ nígbà tó délé. Ni àwọn ọmọ méjèèjì bá tún bínú sí òun náà.

Nígbà tó máa pé àádọ́rin ọdún, ẹ̀bùn kan ṣoṣo ló fẹ́: kí àwọn ọmọ rẹ̀ bára wọn sọ̀rọ̀. Kò sí èyí tó gbà láti wọ ọkọ̀ èkejì. Ló bá wá ọjọ́ tí ọkọ̀ méjèèjì máa dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní Cozumel, kí oníkálùkù lè wọ tirẹ̀ wá. Kí wọ́n má baà ní ó gbè sẹ́yìn ẹnì kan, kò sọ èyí tí òun máa wọ̀. Nínú ọkọ̀, inú yàrá rẹ̀ ló ti ń jẹun; tó bá ń jáde, á dé fìlà ńlá, á sì fi awò dúdú sójú, kí ọmọ tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ má baà dá a mọ̀.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n gbé tábìlì àti kéèkì sáàárín ọkọ̀ méjèèjì ní èbúté.

"Mọ́mì, ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín kó gbé ọ̀bẹ wá," ni Janelle wí.

"Mọ́mì, ẹ sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ ò rọ," ni Corinne fèsì.

Nígbà tó yá, oníkálùkù bínú wọ ọkọ̀ tirẹ̀. Ibi tí Verna ti ń di kéèkì ni fèrè ọkọ̀ ti dún. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Funfun ni méjèèjì, kò sì mọ èyí tó gbé òun wá mọ́. Ó fa káàdì tí wọ́n fi ń wọ ọkọ̀ yọ nínú báàgì: Ẹwà Òkun. Ó tún fa òmíràn: Ayọ̀ Òkun. Àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ ìgbafẹ́ kì í sọ káàdì àtijọ́ nù.

Ó sá lọ síhìn-ín, ó sá padà. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, àwọn èrò ti tò sí bákónì láti pariwo fún ẹni tó pẹ́: "Ìyá àgbà, ẹ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ!"

Janelle yọrí jáde láti bákónì Ẹwà Òkun. "Corinne! Ṣé ọ̀dọ̀ ẹ kọ́ ni Mọ́mì wà ni?"

"Ọ̀dọ̀ tèmi kẹ̀? Mo rò pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ wá!"

"Èmi? Èmi tí mo ti ń bínú látàárọ̀ pé ìwọ ni wọ́n yàn!"

"Orí ẹ ò pé!"

"Tìẹ náà ò pé!"

Verna dúró. Ó tẹ́tí sí wọn. Ó rọra padà sídìí tábìlì, ó jókòó, ó sì tú kéèkì náà.

"Mọ́mì, ẹ sáré!" Ẹnu kan náà ni wọ́n fi sọ ọ́.

Verna gé ti Janelle, ó gé ti Corinne, ó sì ń dúró dè wọ́n.