Ọjọ́ Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ Lórí Àpáta Cape Mesurado

Ìwọ tó jókòó jẹ́jẹ́ tí ò ń ka èyí, ṣé o lè dárúkọ ẹyẹ márùn-ún fún mi láìka adìyẹ mọ́ ọn? Má wojú òrùlé, kò sí ìdáhùn níbẹ̀. Èmi ò lè dárúkọ ju mẹ́ta lọ nígbà yẹn, tòlótòló sì wà nínú ẹ̀. Síbẹ̀, iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí lẹ́yìn ilé ìwé ni pé kí n máa mú àlejò káàkiri Cape Mesurado, kí n máa fi ẹyẹ hàn wọ́n.

Cape yẹn ni ilẹ̀ olókùúta tó yọ imú sínú òkun lẹ́yìn Mamba Point, ní Monrovia níbí. Àpáta dúdú ló kún ẹsẹ̀ rẹ̀, omi ń gbá a tọ̀sán tòru bí ẹni tó bá a ní ẹjọ́. Lókè, ilé iná kan wà tó máa ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ òkun láyé àtijọ́. Kò tàn mọ́. Alángbá olórí pupa ló ń gbé ibẹ̀ báyìí. Gbogbo ohun tí mo bá sọ ni wọ́n ń mi orí sí. Àwọn nìkan ló gbà mí gbọ́.

Ọ̀gá mi ni Old Pa Nimely, ọmọ ẹ̀yà Kru láti New Kru Town. Baba baba rẹ̀ bá ọkọ̀ òkun ṣiṣẹ́, ó sì fín ìlà dúdú kan láti iwájú orí dé imú, kí gbogbo ọ̀gá ọkọ̀ lè mọ̀ pé Kru lòun. Old Pa ò ní ìlà, àmọ́ ó mọ àpáta yẹn bí ẹni mọ yàrá ara rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ nìkan ló ti daṣẹ́ sílẹ̀. Nítorí náà, ó ń wá ẹni tó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ òun.

Òfin rẹ̀ méjì péré ni. Àkọ́kọ́: tí ìgbì ńlá bá ń bọ̀, má pariwo, torí òkun lóhùn jù ẹ́ lọ. Dojú bolẹ̀, di àpáta mú. Àlejò tó bá ti rí ẹ nílẹ̀, kóun náà dojú bolẹ̀. Ìkejì: má dojú bolẹ̀ láìsí ìgbì. Tí o bá tan àlejò lónìí, kò ní tẹ̀ lé ẹ lọ́jọ́ tí omi bá fẹ́ gbé e lọ lóòótọ́. Ó ti dán ẹni méjì wò ṣáájú mi. Ńṣe ni wọ́n yọ̀ ṣubú, ojú wá ń tì wọ́n, wọ́n ní ìgbì làwọn rí. Ó lé àwọn méjèèjì lójú ẹsẹ̀.

Èmi náà nílò iṣẹ́ yẹn gan-an. Mo ti fìdí rẹmi nínú ìṣirò lẹ́ẹ̀mejì. Tí Old Pa bá lé mi, ó ku kí n lọ máa ru ẹrù lọ́jà Waterside, apá mi sì rèé: àpò ìrẹsì ló máa gbé mi.

Lọ́jọ́ ìdánwò mi, àlejò kan ṣoṣo ló wá, Mama Sheena, ìyá àgbà òyìnbó láti Scotland. Ó ní orí irú ilẹ̀ báyìí ni wọ́n bí òun sí, àpáta gàgàrà, afẹ́fẹ́ tó lè gbé fìlà ẹ lọ sí ìlú míì. Ó ní ẹran omi kan wà níbẹ̀ tó dà bí ajá tí ò lẹ́sẹ̀, orí òkúta ló máa ń sùn sí. Ẹyẹ kan tún wà tí ẹnu rẹ̀ pọ́n bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ata. Bàbá rẹ̀ ló ń tọ́jú ilé iná ibẹ̀.

Àmọ́ ẹyẹ míì ló torí rẹ̀ wá. Ó ní àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyẹ̀pẹ̀, ẹnu rẹ̀ gùn, ó tẹ̀ bí dòjé, ó sì máa ń súfèé léraléra lẹ́ẹ̀méje. Tí òtútù bá ti ń bọ̀ nílùú wọn, á fò wá sí etí òkun tiwa.

"Láti kékeré ni mo ti ń wò ó tó ń lọ," ó wí. "Mo fẹ́ rí ibi tó ń lọ kí n tó kú."

Old Pa jókòó lókè nídìí ilé iná, ó ń wò wá bí ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò. Èmi wà níwájú, Mama ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹyẹ dúdú ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan dúró létí omi.

"Kúnlé, kí nìyẹn?"

"Lékeléke ni, Mama. Oòrùn ibí ló jó o."

Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Ó mú ìwé jáde, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkàn mi bà jẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló di apá mi mú, ó ní, "Rọra, ọmọ mi. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mí."

Ó yẹ kí o mọ màmá mi kí ohun tó tẹ̀ lé e tó yé ẹ. Ará Liberia ni bàbá mi, àmọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ni màmá mi, ó ń ránṣọ ní Vai Town. Nílé wa, tí o bá ṣẹ àgbà, "sọ́rì" lásán ò tó. Àyà ẹ gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Mo wá ro ó pé mo ti purọ́ fún ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ó sì ti kọ irọ́ mi sínú ìwé. Kí n tó mọ̀, àyà mi ti kan àpáta.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mama, ẹ dárí jì mí." Inú omi iyọ̀ ni mo ń sọ ọ́ sí, ta ló máa gbọ́?

Mama rí mi nílẹ̀. Òun náà dojú bolẹ̀ gbàà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di òkúta mú. Mo gbójú sókè wo Old Pa. Old Pa náà ti wà nílẹ̀. Orúnkún tó ní kò tẹ̀ mọ́ yẹn tẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Òkun dúró jẹ́ẹ́ bí ọbẹ̀ tó ti tutù.

"Ṣé ó ń bọ̀?" Mama sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Ẹyẹ kan bà síwájú wa, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́rin lọ. Ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé. Ó fa akàn kan yọ láàárín òkúta, ó gbé e mì, ó wá súfèé. Mo kà á: méje. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìṣirò mi máa pé nìyẹn.

Mama ò mí. Omijé ń bọ́ sórí òkúta. Nígbà tí ẹyẹ náà fò lọ, Mama dì mọ́ mi nílẹ̀ níbẹ̀.

"Kì í sún mọ́ ẹni tó bá wà lóòró láéláé! Kúnlé, báwo lo ṣe mọ̀ pé ó ń bọ̀?"

Ibẹ̀ ni Old Pa bá wa, ó ń tiro, iyanrìn wà ní irùngbọ̀n rẹ̀.

"Kúnlé, ìgbì wo lo rí?"

Ṣé o rí i? Irọ́ méjì tó dáa ló wà nílẹ̀. Kí n sọ fún Mama pé ẹyẹ ni mo rí, kí n sọ fún Old Pa pé ìgbì ni. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì jọ dúró síbẹ̀.

"Mi ò rí ìgbì, sà. Mi ò rí ẹyẹ, Mama. Mo purọ́ nípa lékeléke yẹn, mo wá ń tọrọ àforíjì."

"Ò ń tọrọ àforíjì," ni Old Pa wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Lórí àpáta mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mama ṣí ìwé rẹ̀, ó fi hàn mí. Ó ti kọ orúkọ gidi ẹyẹ dúdú yẹn sí ẹ̀gbẹ́ irọ́ mi láti ìgbà yẹn. Old Pa gbọn iyanrìn kúrò nírùngbọ̀n. Mo ti ń ronú àpò ìrẹsì.

"Àwọn méjì tó ṣáájú ẹ," ó wí níkẹyìn, "wọ́n ní ìgbì làwọn rí. Ìwọ sọ òótọ́. Aago méje òwúrọ̀ ọ̀la, má pẹ́. Tí o bá tún fẹ́ bẹ ẹnì kan, wá ibi tó gbẹ."

Ìgbì tòótọ́ dé lọ́sẹ̀ kejì. Èmi nìkan ni amọ̀nà, àlejò mẹ́fà wà lẹ́yìn mi. Mo rí i tó gbé orí sókè láti ọ̀ọ́kán, mo dojú bolẹ̀, mo di òkúta mú, mi ò lè wẹ̀yìn. Omi gba orí wa kọjá, ó gbé bàtà mi kan lọ. Nígbà tó sá padà, mo yíjú, gbogbo wọn wà nílẹ̀ bí ẹja gbígbẹ. Mo kà wọ́n, mẹ́fà. Mi ò gbà, mo tún wọn kà—

"Kúnlé! Àwọn ọmọ ilé ìwé ti dé o, wọ́n ti ń gun ilé iná! Máa bọ̀ jàre!"

Old Pa ti ń pè mí nìyẹn. Mò ń bọ̀, sà.