Hùmúàní àti Kápẹ́ẹ̀tì Tútù

Bí ẹ bá lọ sí Challenge ní Ìlọrin lónìí, tí ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù ńlá Alhaja Binta, fákúùmù aláwọ̀ búlúù, ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí ilẹ̀, nìkan ni ẹ máa bá ní igun tó kọjú sí ilẹ̀kùn. Tẹ́lẹ̀, méjì ni wọ́n níbẹ̀. Pupa ti ilé-iṣẹ́ Sélíkà wà lápá ọ̀tún, búlúù ti ilé-iṣẹ́ Domatẹ́ẹ̀kì wà lápá òsì, obìnrin kan tó ń jẹ́ Hùmúàní ló sì ń ta pupa. Èmi Àmínù, ìdí tábìlì kan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mò ń jókòó sí, mò ń tún áyọ́ọ̀nù, bùléńdà àti fákúùmù ṣe. Ohun tó bá bàjẹ́ ni mò ń jẹ, nítorí náà ẹ má retí pé kí n sọ̀rọ̀ bí ẹni mímọ́.

Ọmọ àáfà ni Hùmúàní, ní Pákátà. Inú ilé-kéú bàbá rẹ̀ ló dàgbà sí, iṣẹ́ tirẹ̀ láti kékeré sì ni kó gbọn ẹní àwọn ọmọ kéú bí wọ́n bá ti túká. Ó máa ń sọ pé kò sí oríṣi iyanrìn tí òun kò mọ̀ ní Ìlọrin. Ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún tí Rasheedah, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ń múra àtiwọ yunifásítì ní Málété. Láti ìgbà náà, owó oṣù tí Sélíkà ń san fún un ló gbé ọmọ náà dé ọdún kẹta.

Ó mọ ọjà tà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ó ní rọ́ọ̀gì kékeré kan lábẹ́ káńtà, ó sì ní agolo mílíìkì kan tó kún fún iyanrìn ọyẹ́. Yóò da iyanrìn náà sí rọ́ọ̀gì, yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa, yóò wá gbé ọwọ́ fákúùmù lé oníbàárà lọ́wọ́ pé kó fà á fúnra rẹ̀. Oníbàárà tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á kì í padà sílé lọ́wọ́ òfo. Àríyọ̀ tó ń ta búlúù kò ní rọ́ọ̀gì, kò ní iyanrìn, ẹnu ló ní. Ẹnu yẹn náà kì í ṣe kékeré.

Ẹ̀rọ mẹ́ta mẹ́ta ni ilé-iṣẹ́ méjèèjì ń kó wá: kékeré tí à ń fọwọ́ gbé, agbedeméjì tó ní báàgì nínú, àti àgbà onídúrọ́ọ̀mù tó ń fa ìdọ̀tí gbígbẹ tó sì tún ń fa omi. Ara àgbà yìí ni èrè wà, torí òun ni hòtẹ́ẹ̀lì, ọ́fíìsì àti mọ́sálásí ń rà. Ọgọ́sàn-án ẹgbẹ̀rún náírà ni wọ́n jọ ń tà á. Ó di ọjọ́ kan, Domatẹ́ẹ̀kì já a sí ọgọ́jọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Sélíkà ti kọ àádọ́jọ sára tirẹ̀. Domatẹ́ẹ̀kì bọ́ sí ogóje. Ni ọ̀gá Hùmúàní láti Èkó bá kó onídúrọ́ọ̀mù tuntun dé, dúrọ́ọ̀mù kan náà, àwọ̀ kan náà, ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gọ́rùn-ún péré. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo ti àtijọ́ padà sí Èkó kí wọ́n má baà dí tuntun lọ́nà. Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé tí Domatẹ́ẹ̀kì náà fi gbé tuntun tirẹ̀ jáde, ó sì fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún dín sí ti Sélíkà.

Gbogbo bí wọ́n ṣe ń já owó lé ara wọn lórí yìí, Alhaja Binta ń wò wọ́n. Nígbà tó sú u, ó pe àwọn méjèèjì síwájú káńtà. Ó ní òun fẹ́ gbé fíríìsà sí igun yẹn, ààyè ẹnì kan ṣoṣo ló máa ṣẹ́ kù. Mọ́sálásí ńlá kan ní GRA fẹ́ ra onídúrọ́ọ̀mù mẹ́rin kí ààwẹ̀ tó dé, ohun tí mọ́sálásí yẹn bá sì rà ni àwọn mọ́sálásí tó kù máa ń wò rà. Ó ní, "Ẹni tó bá gba iṣẹ́ yẹn ló máa dúró. Ẹnì kejì kó palẹ̀ mọ́."

Láti ọjọ́ náà ni Hùmúàní kò ti jẹun ọ̀sán mọ́. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ kò sí lára mi. Tó bá pàdánù igun yẹn, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn, Rasheedah kò sì ní lè parí ọdún kẹta.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tó ku ọ̀la kí wọ́n lọ dán ẹ̀rọ wò ní mọ́sálásí, ó gbé onídúrọ́ọ̀mù tuntun kan wá sórí tábìlì mi.

"Bọ̀ọ̀dá Àmínù, ẹ bá mi wo inú kiní yìí. Ọ̀gá mi ní bí wọ́n bá bi mí léèrè omi, kí n ní ó ń fa gbogbo nǹkan. Kò sọ fún mi pé ó ń fa omi."

Mi ò nílò àtitú u. Mo ti tú irú rẹ̀ méjì lóṣù yẹn, pupa kan, búlúù kan, àwọn méjèèjì jóná láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Mo ṣàlàyé fún un. Nínú ti àtijọ́, atẹ́gùn tó ń tu mọ́tò lára ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀, omi kò lè dé ibẹ̀. Bọ́ọ̀lù kékeré kan sì wà nínú rẹ̀ tó máa ń dí ẹnu ọ̀nà bí omi bá kún. Nínú tuntun, wọ́n ti yọ bọ́ọ̀lù náà, atẹ́gùn tó ń fa ìdọ̀tí yẹn gan-an ló sì ń gba inú mọ́tò kọjá. Mo fi mọ́tò méjì tó jóná hàn án, ti pupa àti ti búlúù. Òǹtẹ̀ kan náà ló wà lára wọn. Ibì kan náà ni wọ́n ti ṣe wọ́n, ọ̀dà ara dúrọ́ọ̀mù nìkan ló yàtọ̀.

Ó ní, "Bí ó bá fa omi ńkọ́?"

"Mọ́tò á jóná."

"Ìyẹn nìkan ni?"

"Bí ẹni tó dì í mú bá dúró sórí omi, iná lè gbé e."

Ó ń fi ìka nu eruku orí dúrọ́ọ̀mù tí kò ní eruku. Ibi tó yẹ kí n ti dákẹ́ ni mo wá la ẹnu. Mo ní, "Ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Bí wọn ò bá bi ọ́, má sọ. Ta ló ń da omi sí mọ́sálásí?" Ìtìjú ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń mú mi di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Lọ́jọ́rú, lẹ́yìn ìrun Àìlà, mo bá a gbé ẹ̀rọ náà sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwà, a forí lé GRA. Àríyọ̀ ti ṣíwájú wa débẹ̀. Alhaji Hassan, akọ̀wé àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ni alága ìgbìmọ̀ mọ́sálásí náà, àwọn àgbà mẹ́ta sì jókòó tì í. Bàbá Jímọ́ọ̀ tó ń tọ́jú mọ́sálásí dúró sẹ́yìn wọn. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń bẹ̀rẹ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá kápẹ́ẹ̀tì náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, kò sì nà mọ́. Nítorí ẹ̀yìn yẹn ni wọ́n ṣe fẹ́ ra ẹ̀rọ.

Lápá ibi tí àwọn obìnrin ti ń kírun ni wọ́n ní ká ti ṣe é. Hùmúàní da iyanrìn rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó fà á, kápẹ́ẹ̀tì mọ́. Àríyọ̀ da gàárì àti èèpo ẹ̀pà, ó fà á, kápẹ́ẹ̀tì mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní àfi kí wọ́n ṣẹ́ gègé. Mo rí i tí èjìká Hùmúàní rọlẹ̀ díẹ̀. Èmi náà mí kanlẹ̀, mo rò pé a ti bọ́.

Alhaji Hassan dìde. Ó ní, "Ẹ tẹ̀ lé mi. Ibi tó ń dà wá láàmú kọ́ nìyí."

Ó mú wa lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gba ibi àlùwàlá wọlé. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ lé kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀, omi yọ láàárín ìka ẹsẹ̀ mi. Ìgbà márùn-ún lójúmọ́ ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹsẹ̀ tútù ń tẹ ibẹ̀. Àwa méjèèjì tí a ń ṣe àlùwàlá láti kékeré, ibẹ̀ kò sọ sí wa lọ́kàn.

Alhaji kọjú sí Àríyọ̀. "Ṣé ó ń fa omi?"

Àríyọ̀ ní, "Alhaji, ó ń fa gbogbo nǹkan."

"Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi?"

Fóònù ń gbọ̀n nínú báàgì Hùmúàní, ó sì dájú pé ọ̀gá rẹ̀ ni. Hùmúàní kò gbé e. Bàbá Jímọ́ọ̀ ló ń wò. Bàbá náà ti yà síbi àlùwàlá kó tó bá wa dé ẹnu ilẹ̀kùn náà, omi ń kán sílẹ̀ ní kókósẹ̀ rẹ̀. Ara rẹ̀ ti wà lọ́nà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi ọwọ́ ara òun dán an wò, Àríyọ̀ sì fi ẹ̀rín gbé ọwọ́ ẹ̀rọ búlúù náà lé e lọ́wọ́. Wáyà ti wà lára ògiri. Kìkì kí bàbá tẹ bọ́tìnnì ló kù.

Hùmúàní sáré kọjá láàárín àwọn àgbà, ó sì fa wáyà náà yọ kúrò lára ògiri.

Inú bí Àríyọ̀. "Ẹ wò ó, ẹ̀yin bàbá mi. Ó rí i pé tèmi dára ju tirẹ̀ lọ, ó fẹ́ ba ọjà mi jẹ́."

Hùmúàní ní, "Tèmi náà kò lè fà á. Kò sí èyí tó lè fa omi nínú méjèèjì. Bàbá á dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù dì í mú, iná á gbé wọn." Ó nawọ́ sí mi. "Bọ̀ọ̀dá Àmínù ló tú wọn. Ẹ bi í."

Gbogbo ojú yí sí mi. Èmi yìí kan náà ni mo ní kó dákẹ́ lánàá. Mo mú sùkúrù-díráfà láti àpò, mo kúnlẹ̀ sórí ibi gbígbẹ, mo ṣí orí pupa, mo ṣí orí búlúù, mo gbé méjèèjì síwájú Alhaji Hassan. Mo fi ibi tó yẹ kí bọ́ọ̀lù wà hàn án. Ó wò ó pẹ́. Ó wá wo ẹsẹ̀ Bàbá Jímọ́ọ̀, ó ní, "Ìnnà lillahi." Bàbá Jímọ́ọ̀ rọra gbé ọwọ́ ẹ̀rọ náà sílẹ̀ bí ẹni tó gbé abọ́ tó gbóná.

Alhaji ní, "Èwo ló wá ń fa omi?"

Hùmúàní ní, "Ti àtijọ́ ni, Alhaji. Ọgọ́sàn-án ẹgbẹ̀rún."

"Ṣé ẹ ní i?"

Ó mi orí. Gbogbo tiwọn ti wà ní Èkó. Kí ó tó sọ̀rọ̀ síwájú ni Àríyọ̀ ti nu ojú rẹ̀, ó ti rẹ́rìn-ín padà. Ó ní àwọn ṣì ní ti àtijọ́ mẹ́rin géérégé ní sítóò, òun lè kó wọn dé kí ó tó di Alásàrì. Àwọn àgbà wo ara wọn. Ààwẹ̀ ku ọjọ́ méjìlá. Wọ́n ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àwọn àgbà wa ní òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Èyí tí mo fojú mi rí burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí òótọ́ tí Hùmúàní sọ ló bá Àríyọ̀ ta ọjà. Ọ̀gá rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ gan-an fún un lórí fóònù, ó ní kó má pe òun mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, Alhaja Binta ní kí wọ́n yọ pátákó pupa. Hùmúàní ká rọ́ọ̀gì kékeré rẹ̀, ó da iyanrìn inú agolo sí gọ́tà, ó kí mi pé ó dàbọ̀. Inú bí mi sí Alhaja, sí Àríyọ̀, sí Èkó, àmọ́ ara mi ni mo bínú sí jù. Rasheedah ti palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ ní Málété, ó wá bá ìyá rẹ̀ nílé, ó ní òun á sinmi fún ọdún kan.

Nígbà tí ààwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta, Alhaji Hassan pè mí pé kí n bá òun wá Hùmúàní. Ó ní ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń bẹ nínú páálí wọn, Bàbá Jímọ́ọ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn wọ́n. Àríyọ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì láti kọ́ ọ, bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹni tó gbé iná lé òun lọ́wọ́ lórí omi kò tún lè kọ́ òun ní nǹkan kan. Búrọ́ọ̀ṣì ló ṣì ń fi gbá kápẹ́ẹ̀tì. Bàbá ní obìnrin tó fa wáyà yẹn ni kí wọ́n pè wá.

Mo lọ bá a ní Pákátà. Ó gbọ́ mi tán, ojú rẹ̀ le.

"Kí èmi wá lọ kọ́ wọn ní ọjà Domatẹ́ẹ̀kì? Bọ̀ọ̀dá Àmínù, ṣé ojú kò tì yín rárá ni?"

Mo ní ó ń tì mí. Ó wọlé lọ. Mo ti ń bọ́ sí títì nígbà tí mo gbọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́yìn mi. Ó ti gbé ìborùn sórí.

Ní mọ́sálásí, ó yọ ẹ̀rọ búlúù kan nínú páálí fúnra rẹ̀, ó ní kí n ṣí orí rẹ̀ fún bàbá kó fojú ara rẹ̀ rí bọ́ọ̀lù náà. Ó fi ibi tí omi ń gbà hàn án, ó fi bí a ṣe ń dà á nù hàn án. Ó ní, "Bàbá, èyí ń fa omi lóòótọ́. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ gbígbẹ ni kí ẹ máa fi dúró tì í."

Bàbá Jímọ́ọ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó sọ táwẹ́lì èjìká rẹ̀ kalẹ̀, ó nu ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó nu àárín ìka kọ̀ọ̀kan, ó bọ́ sí ti òsì, kò sì kánjú. Ó wá na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú Hùmúàní.

"Wò ó, ọmọ mi. Ṣé ó ti gbẹ?"

Hùmúàní bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ọ̀tún àti òsì. Omijé ti kún ojú rẹ̀, ó fi etí ìborùn nù ún. Ó ní ó ti gbẹ. Ó dìde, ó sì ki wáyà bọ ara ògiri fún un.