Bọ́tìnì Tó Kọ̀ Láti Yí Àwọ̀ ní Mọ́kọ́lá

Èmi kì í fi iṣẹ́ ọwọ́ mi pamọ́. Tí mo bá ṣe ohun tó dáa, mo máa ń sọ ọ́, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú. Èmi ni mo ṣe ojú òpó ayélujára àwọn ríwáyà Mọ́kọ́lá, àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe.

Bàbá mi wà lára wọn. Ní ìpàdé kan, bàbá mi dìde, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ má wulẹ̀ wá ẹnikẹ́ni láti ìta, pé ọmọ àwọn á ṣe é. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí bàbá mi sọ lójú gbogbo ẹgbẹ́ yìí ni mo gbé lọ sí yàrá mi ní Agbowó. Mo ṣe àpótí kan sójú òpó náà tí kálukú máa kọ orúkọ, ṣọ́ọ̀bù àti iṣẹ́ tó mọ̀ sí, kí oníbàárà lè rí i. Bọ́tìnì ìfiránṣẹ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọ̀ eérú ni, kò sì ṣeé tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ inú àpótí, á di àwọ̀ ewé. Mo dán an wò lórí láptọ́ọ̀pù mi títí ó fi sú mi. Kò ṣìṣe lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀, gbogbo àwọn ríwáyà yọ fóònù. Àṣé wọn kì í tẹ ọ̀rọ̀ rárá. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti bá kálukú kọ tirẹ̀ sórí gúrúùpù wọn lórí fóònù láti ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n kàn fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n dà á kọ, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí mi. Àpótí kún. Bọ́tìnì kò yí padà.

"Fóònù tèmi ti gbó ni," àgbàlagbà kan sọ. Òmíràn ní tòun náà ti gbó. Ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí tún rẹ́rìn-ín. Ìtìjú mú mi, ìbínú sì tẹ̀lé e. Bàbá mi wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, níbi tí mo gbé láptọ́ọ̀pù lé bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan.

"Kí ló ń tan bọ́tìnì yẹn?"

"Bàámi, tí èèyàn bá tẹ lẹ́tà lórí kíbọ́ọ̀dù, tó gbé ọwọ́ kúrò, ìgbà yẹn ló ń yẹ àpótí wò."

"Àwa ò tẹ lẹ́tà kankan. Ìka èèyàn lo so wáyà mọ́. Àpótí gan-an ni kóo so ó mọ́."

Èmi tí mo kàwé rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ yìí. Nínú kóòdù mi, "keyup" ni mo kọ, èyí tó ń retí ìka. Mo pa á rẹ́, mo kọ "input", èyí tó ń ṣọ́ àpótí fúnra rẹ̀, ọ̀nà yòówù kí ọ̀rọ̀ gbà wọlé. Mo ní kí wọ́n tún ojú òpó náà ṣí. Bọ́tìnì di àwọ̀ ewé lórí fóònù gbogbo wọn, títí kan àwọn tí wọ́n ló ti gbó.

"Ta ló rí ohun tó ṣe é?" ẹni tó ń rẹ́rìn-ín bi mí.

"Bàámi ni," mo ní, mo sì sọ ọ́ sókè dáadáa.

Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sórí láptọ́ọ̀pù mi. Mo wá orúkọ bàbá mi jáde. Níbi iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀, mo ka ohun tí wọ́n ti ní kí akọ̀wé kọ láti ọjọ́ mẹ́ta, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ bóyá nǹkan náà á ṣiṣẹ́: "Iná ọkọ̀, bátìrì. Èmi náà ni mo bí ẹni tó ṣe ojú òpó yìí."